Ta ló ń di ẹni tó ni magasíìnì nígbà tí gbèsè bá dé? Ìbéèrè kan lórí ìtàn Weird Tales

Olùkọ́ Ògbómọ̀ṣọ́:

Mo kí gbogbo ẹ̀yin àgbà àti ẹ̀yin ẹgbẹ́ mi. Ògbómọ̀ṣọ́ ni mo ń gbé, iṣẹ́ olùkọ́ ni mo sì ń ṣe. Àwa mẹ́rin kan, tí a fẹ́ràn ìtàn àròsọ tó dá lórí ìmọ̀ sáyẹ́ǹsì àti èyí tó ń dẹ́rù bani, ti ń gbèrò láti ọdún tó kọjá pé kí a dá magasíìnì kan sílẹ̀ ní èdè Yorùbá, tí yóò máa jáde ní oṣù mẹ́ta-mẹ́ta, tí kò sì ní gbára lé ìjọba tàbí ilé iṣẹ́ ńlá kankan. Ìtàn kò wọ́n wa. Láti ìgbà tí ìwé àkọ́kọ́ D. O. Fágúnwà ti jáde ní 1938 ni a ti mọ̀ pé Yorùbá ń ka ọ̀rọ̀ iwin àti ọ̀rọ̀ igbó. Ohun tó ń kọ wá lóminú ni bí irú magasíìnì bẹ́ẹ̀ ṣe ń pẹ́ láyé.

Mo ti ń ka nǹkan nípa Weird Tales, magasíìnì ìtàn abàmì àti ìtàn adẹ́rùbani ti àwọn ará Amẹ́ríkà, tí ó bẹ̀rẹ̀ ní 1923 tí ó sì dáwọ́ dúró ní 1954. Ọdún 31 àti oṣù díẹ̀ nìyẹn. Síbẹ̀, kò sí ibi tí mo kà tí wọn kò ti sọ pé owó kò fi bẹ́ẹ̀ wọlé níbẹ̀. Báwo ni ohun tí kò mú èrè wá ṣe wà láyé tó bẹ́ẹ̀? Ta ló ru ẹrù náà? Ẹ jọ̀wọ́, ẹ má fi àmọ̀ràn ìyànjú dá mi lóhùn. Bí ọ̀rọ̀ owó náà ṣe lọ gan-an ni mo fẹ́ mọ̀.

Atẹ̀wé Àkẹ̀sán:

Olùkọ́, ẹ kú làálàá. Ọ̀yọ́ ni mo wà, iṣẹ́ ìtẹ̀wé ni mo sì fi ń jẹun láti ìgbà tí a ti ń fi ọwọ́ to lẹ́tà òjé ní ọ̀kọ̀ọ̀kan. Ojú atẹ̀wé ni màá fi wo ìbéèrè yín, nítorí pé atẹ̀wé gan-an ni ìdáhùn rẹ̀.

Jacob Clark Henneberger àti alábàáṣiṣẹ́pọ̀ rẹ̀, J. M. Lansinger, ló dá ilé iṣẹ́ tó ń gbé Weird Tales jáde sílẹ̀. Wọ́n kọ́kọ́ gbé Detective Tales jáde ní 1922, èyí tó dá lórí ọ̀rọ̀ ọ̀daràn àti ọ̀tẹlẹ̀múyẹ́. Nígbà tó di oṣù Kẹta 1923, Weird Tales tẹ̀lé e ní Chicago, Edwin Baird ni olóòtú rẹ̀, 25 sẹ́ǹtì sì ni wọ́n ń ta ẹ̀dà kan. Kò tà. Láàárín ọdún kan ó lé díẹ̀, gbèsè ti mù wọ́n dé ọrùn, débi pé ìtẹ̀jáde kan ṣoṣo ni wọ́n fi dípò ti oṣù Karùn-ún, oṣù Kẹfà àti oṣù Keje 1924, ẹnikẹ́ni kò sì tún rí magasíìnì náà lórí àtẹ títí di oṣù Kọkànlá.

Ẹ wá gbọ́ ohun tó ṣẹlẹ̀ láàárín àkókò yẹn. Henneberger kò ní owó tí yóò san fún atẹ̀wé rẹ̀, ọ̀gbẹ́ni Cornelius. Lansinger mú Detective Tales lọ ní tirẹ̀, Henneberger di Weird Tales mú, Cornelius sì gba ìpín tó pọ̀ jù nínú rẹ̀ dípò owó tí wọ́n jẹ ẹ́. Àdéhùn wọn ni pé bí èrè magasíìnì bá san gbèsè náà tán, Henneberger yóò gba ohun ìní rẹ̀ padà. Èrè náà kò san án tán, Henneberger kò sì rí i gbà padà mọ́.

Ṣé ẹ wá rí ẹni tó ru ẹrù náà? Ẹni tí wọ́n jẹ lówó ni. Atẹ̀wé tó bá pa magasíìnì tó jẹ ẹ́ ní gbèsè, owó ara rẹ̀ ló pa yẹn. Ó sàn fún un kí ẹ̀rọ máa yí, kí ó máa rí díẹ̀díẹ̀ gbà. Ìdí nìyí tí magasíìnì tí kò mú èrè gidi wá fi lè dàgbà ju ẹni tó bí i lọ́kàn lọ. Ìwé ewì kan wà ní ṣọ́ọ̀bù mi báyìí, àpò mẹ́rin, tí oníwèé san ìdajì owó rẹ̀ ní ọdún méje sẹ́yìn tí n kò tún fojú kàn án mọ́. N kò lè tà á, n kò lè jó o, èkúté ló ń kà á. Ká ní magasíìnì tó ń jáde lóṣooṣù ni, bóyá èmi náà ì bá ti di ẹni tó ni magasíìnì.

Àṣàbí:

Ẹ̀gbọ́n Atẹ̀wé, ẹ kú àlàyé. Òótọ́ ni ẹ sọ, ṣùgbọ́n ìdajì ẹrù náà ni. Atẹ̀wé mọ̀ pé òun ń yáni lówó, ó sì gba ìpín dípò rẹ̀. Àwọn kan wà tí wọ́n ń yá magasíìnì yìí lówó tí wọn kò gba ìpín kankan, àwọn náà ni òǹkọ̀wé.

Ìlàjì sẹ́ǹtì sí sẹ́ǹtì kan lórí ọ̀rọ̀ kọ̀ọ̀kan ni ọ̀pọ̀ wọn ń gbà. Kì í ṣe ìgbà tí olóòtú bá gba ìtàn wọlé ni wọ́n ń san án, ìgbà tí ìtàn bá jáde ni, nígbà mìíràn ó sì tún di ọ̀pọ̀ oṣù lẹ́yìn tó ti jáde. Robert E. Howard, ará Texas, wà lára àwọn tí òǹkàwé fẹ́ràn jù. Ní oṣù Karùn-ún 1935 ó kọ lẹ́tà sí olóòtú, ó ń bẹ̀bẹ̀ fún owó rẹ̀ nítorí pé ìyá rẹ̀ ń ṣàìsàn, ìnáwó sì ti pọ̀. Owó tí wọ́n jẹ ẹ́ nígbà náà ti lé ní 800 dọ́là. Ẹ fi iye tí wọ́n ń ta ẹ̀dà kan pín in: owó ẹ̀dà tó lé ní 3,200 ni. Ní oṣù Kẹfà 1936 ó kú, wọ́n sì ṣì jẹ ẹ́ lówó.

N kò sọ èyí láti ba olóòtú náà, Farnsworth Wright, lórúkọ jẹ́. H. P. Lovecraft, ọ̀kan lára àwọn òǹkọ̀wé magasíìnì náà, ni wọ́n kọ́kọ́ fi ipò olóòtú lọ̀ ní 1924, kò fẹ́ kó lọ sí Chicago. Wright wá gbà á, ó sì wà níbẹ̀ títí di 1940, bó tilẹ̀ jẹ́ pé àrùn Parkinson's ń bá a fínra. Ó lójú ìtàn, àmọ́ kì í ṣe pé kì í ṣì í: ó dá ìtàn Lovecraft padà ju ẹ̀ẹ̀kan lọ, ó sì gba òmíràn nínú wọn nígbà tí wọ́n tún gbé e wá. Abala lẹ́tà òǹkàwé kan wà tó ń jẹ́ The Eyrie. Ibẹ̀ ni àwọn òǹkàwé ti ń sọ ìtàn tó wù wọ́n jù, tí wọ́n ń bá òǹkọ̀wé fa ọ̀rọ̀, tí wọ́n sì ń jiyàn lórí bóyá ó yẹ kí àwòrán obìnrin oníhòòhò tí Margaret Brundage ń yà máa wà lára èèpo ìwé. Òǹkọ̀wé tó bá mọ̀ pé irú èrò bẹ́ẹ̀ ń retí òun lóṣooṣù yóò fara da gbèsè ju bó ti yẹ lọ. Èmi pàápàá ti kọ ìtàn fún ìwé kan rí, wọ́n ní kí n ní sùúrù díẹ̀ lórí owó mi. Mo ṣì wà lẹ́nu sùúrù náà.

Ayélàágbé:

Kí n fi ìparí rẹ̀ kún un ní ṣókí. Ní 1938 wọ́n ta Weird Tales fún William Delaney, ó sì kó o lọ sí New York. Dorothy McIlwraith di olóòtú ní 1940, ìwé náà sì wá ń jáde ní oṣù méjì-méjì. Nígbà tó fi máa dáwọ́ dúró ní oṣù Kẹsàn-án 1954, ìtẹ̀jáde 279 ló ti wà. Kì í ṣe òun nìkan ló lọ nígbà náà. Ìwé ìtàn elèèpo rírọ̀ àti tẹlifíṣọ̀n ti gba òǹkàwé lọ́wọ́ gbogbo magasíìnì olówó pọ́ọ́kú irú rẹ̀.

Ṣùgbọ́n Olùkọ́, Interzone, magasíìnì ìtàn sáyẹ́ǹsì ti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ló bá tiyín mu jù, nítorí pé ẹgbẹ́ ló dá a sílẹ̀ ní 1982. Owó tó ṣẹ́kù nínú ìpàdé àwọn olólùfẹ́ ìtàn sáyẹ́ǹsì kan tó wáyé ní Leeds ni wọ́n fi bẹ̀rẹ̀, pẹ̀lú owó àsansílẹ̀ àwọn òǹkàwé. Olóòtú mẹ́jọ ni wọ́n lórí ìwé kan ṣoṣo! Wọ́n ń yọ́ lọ ní ọ̀kọ̀ọ̀kan, nígbà tó sì di 1988 David Pringle nìkan ló kù nídìí rẹ̀. Ó gba Hugo, àmì-ẹ̀yẹ ńlá fún ìtàn sáyẹ́ǹsì, fún un ní 1995, ó sì ń bá a lọ títí di 2004, kí Andy Cox tó gbà á. Nítorí náà, ẹ̀yin mẹ́rin, ẹ tètè mọ ẹni tí yóò kù.

Nílé wa níbí, Mazi Nwonwu àti Chinelo Onwualu dá Omenana, magasíìnì irú ìtàn yìí kan náà, sílẹ̀ ní 2014. Orí íntánẹ́ẹ̀tì ni wọ́n gbé e sí, òǹkàwé kò sì san kọ́bọ̀ láti kà á. Wọ́n bọ́ lọ́wọ́ ẹ̀gbọ́n Atẹ̀wé nìyẹn, ṣùgbọ́n owó òǹkọ̀wé tí Àṣàbí ń sọ kò bá ti atẹ̀wé lọ.

Olùkọ́ Ògbómọ̀ṣọ́:

Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ gbogbo yín. Mo ti ka ìdáhùn yín fún àwọn mẹ́ta yòókù lálẹ́ àná. Nígbà tí mo dé ibi ọ̀rọ̀ ẹni tí yóò kù, gbogbo wọn wo ojú mi, n kò sì fẹ́ràn bí wọ́n ṣe wò mí.

Ohun kan yé wa. A ti ń ka owó bébà, owó yíǹkì àti owó ọkọ̀, a kò ka owó ìtàn mọ́ ọn rárá, bí ẹni pé òǹkọ̀wé kì í jẹun. A ti wá fẹnu kò pé a ó kọ́kọ́ gba owó ìtẹ̀jáde mẹ́rin sílẹ̀ lọ́wọ́ àwọn tó bá fẹ́ kà á, a ó san owó ìtàn lọ́jọ́ tí a bá gbà á wọlé, ohun tó bá sì ṣẹ́kù ni yóò sọ iye ojú ìwé tí a ó tẹ̀. Bó jẹ́ ojú ìwé mẹ́rìndínlógún, kó jẹ́ mẹ́rìndínlógún. Ẹ̀gbọ́n Atẹ̀wé, ṣé ẹ lè bá wa tẹ 200 ẹ̀dà, tàbí kò tó gbé ẹ̀rọ nílẹ̀?

Atẹ̀wé Àkẹ̀sán:

Ó tó. Ẹ gbé e wá sí Ọ̀yọ́, kí ẹ mú gbogbo owó rẹ̀ dání. N kò fẹ́ ìpín.