Àwo àká àti àká oníhóró: èsì mi lórí "àká líle"

Ẹ̀yin ará, ẹ kú iṣẹ́ ọpọlọ.

Ẹni tó dá ọ̀rọ̀ sílẹ̀ lánàá nípa bí a ṣe máa pe nǹkan inú kọ̀ǹpútà ní Yorùbá ní kí á máa pe SSD (solid-state drive, ohun tó ń tọ́jú fáìlì láìsí ohun tó ń yí nínú rẹ̀) ní "àká líle". "Àká" yẹn wù mí gan-an. Àgbẹ̀ ló ni ín, ibẹ̀ ni ọkà ń gbé títí di ọjọ́ tí a máa lò ó. Ó sì gbà wá lọ́wọ́ "memory", tí àwọn èèyàn fi ń pe RAM (ibi tí kọ̀ǹpútà ń kó iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀ sí fún ìgbà díẹ̀) àti hádì (hard disk, ibi tó ń kó fáìlì pamọ́ sí) láìyà wọ́n sọ́tọ̀. "Líle" ni mi ò fara mọ́.

Torí fílọ́pì, àwo pẹlẹbẹ tí a máa ń ki bọ kọ̀ǹpútà láyé àtijọ́, ni wọ́n ṣe fi "hard" pe hard disk: fílọ́pì rọ̀, ó ń tẹ̀, èyí le. "Solid" inú SSD kò bá líle yẹn tan rárá. Láyé rédíò onígílóòbù, inú òfìfo gílóòbù ni iná ń gbà kọjá. Nígbà tí tiransítọ̀ dé, inú ohun tó dì gbagidi ni iná wá ń gbà. Ibẹ̀ ni "solid" ti ṣẹ̀. Tí a bá fi "líle" túmọ̀ méjèèjì, báwo ni ẹni tó fẹ́ rajà ṣe máa mọ èwo ni òun ń rà?

Lóṣù tó kọjá, mo bá àbúrò mi obìnrin, tó jẹ́ tíṣà, gbé láptọ́ọ̀pù rẹ̀ lọ sí Òtígbà, ọjà kọ̀ǹpútà n'Íkẹjà. Tó bá tàn án láàárọ̀, á po ògì, á mu ún tán, kó tó ṣí. Ọmọkùnrin tó ń tún un ṣe gbé etí lé e, ó ní, "Àǹtí, hádì yín ti ń ké." Ó wá fa ògbólógbòó kan tó ti tú yọ lábẹ́ tábìlì: àwo kan ń dán bíi dígí, apá tẹ́ẹ́rẹ́ kan nà lé e lórí. Àbúrò mi pariwo pé, "Àwo rẹ́kọ́ọ̀dù bàbá wa rèé!"

Ọ̀rọ̀ yẹn ni mo gbé wá. Àwo orin ń yí, abẹ́rẹ́ ń kà á. Hádì náà ń yí, 5,400 ìgbà ní ìṣẹ́jú kan nínú ọ̀pọ̀ láptọ́ọ̀pù. Èyí tí IBM gbé jáde ní 1956 tiẹ̀ ní àwo 50, ọ̀kọ̀ọ̀kan sì fẹ̀ tó ẹsẹ̀ bàtà méjì. Mo kọ́kọ́ kọ "àká aláwo", mo sì pa á rẹ́, torí babaláwo á yọjú níbẹ̀. Bí a ṣe ní àwo orin, ẹ jẹ́ ká ní àwo àká.

Èyí tí ọmọkùnrin náà fi rọ́pò rẹ̀ kò fẹ̀ ju ìka kan lọ, kò sì sí ohun tó ń yí nínú rẹ̀. Inú hóró wínníwínní tí kò lóǹkà ló ń há iná díẹ̀díẹ̀ mọ́. Àká oníhóró nìyẹn.

Obì ni màá fi ṣàlàyé bó ṣe di ọ̀pọ̀. Wọ́n to hóró léra bíi pẹ̀tẹ́ẹ̀sì, ó ti lé ní àjà 200 báyìí, wọ́n sì ń fi bíìtì (ẹyọ ìsọfúnni tó kéré jù lọ) púpọ̀ sí i sínú hóró kan, látorí ọ̀kan dé mẹ́rin. SLC, MLC, TLC, QLC ni Gẹ̀ẹ́sì ń pè wọ́n, "multi" inú MLC kò sì ju méjì lọ! Ẹ jẹ́ ká ní aláwẹ́ kan, aláwẹ́ méjì, mẹ́ta, mẹ́rin. Ẹni tó bá ti pa obì rí ti mọ̀ ọ́n. Bí awẹ́ bá ṣe ń pọ̀ tó ni owó ṣe ń wálẹ̀ tó, àmọ́ aláwẹ́ mẹ́rin kì í pẹ́ gbó tí a bá ń kọ nǹkan sí i lákọọ̀kọtán. Ó tó tíṣà lò. Kò yẹ ẹni tó ń gé fídíò látàárọ̀ ṣúlẹ̀.

Ọ̀rọ̀ owó náà ńkọ́? Mo rí "wọ́n dínwó" lẹ́nu àwọn kan níbí, fún iye SSD tó wálẹ̀. Ẹni tó tajà ló ń dínwó, fún ẹni tó ná an. Èyí wálẹ̀ ni. Ní 2008, Apple ń gba dọ́là 999 lé e lórí láti fi oníhóró 64GB rọ́pò àwo 80GB nínú láptọ́ọ̀pù MacBook Air. Ní 2023, oníhóró 1TB (bíi 1,000GB) ti wà tí kò tó dọ́là 60. Oṣù Kẹfà ọdún 2023 yẹn gan-an ni wọ́n sì tú náírà sílẹ̀ lọ́jà, tó já. Lọ́dún yẹn, ọ̀pọ̀ ní dọ́là, ọ̀wọ́n ní náírà, lórí ọjà kan náà. Nítorí náà, mi ò ní sọ fún ẹnikẹ́ni tí àwo ṣì ń yí nínú láptọ́ọ̀pù rẹ̀ pé kó dúró di ìgbà tó bá tún wálẹ̀. Kó pààrọ̀ rẹ̀, pàápàá tó bá ti ń ké. Ẹni tó ti wà lórí oníhóró lè fi sílẹ̀ títí yóò fi kún.

"Ìpààrọ̀ àká" náà tó fún upgrade yìí, ìyẹn fífi èyí tó dára jù rọ́pò ti tẹ́lẹ̀. "Ìgbéga" tí ẹ dábàá, ẹ jẹ́ ká fi sílẹ̀ fún òṣìṣẹ́ tí wọ́n fún ní ipò.

Ó ku controller, ẹ̀yà inú SSD tó ń pín iṣẹ́ káàkiri hóró kí apá kan má baà tètè gbó. "Olùtọ́jú àká" ni mo rò, àmọ́ ó gùn jù fún ẹnu ọjà. Ta ló ní èyí tó kúrú?