Ẹ gbà mí nímọ̀ràn lórí kíkó mángà àti kọ́míìkì jọ ní Àbújá

Bàbá Òǹkàwé (Kubwa) béèrè:

Ẹ̀yin akówèéjọ ẹlẹgbẹ́ mi, mo kí yín, mo kí ilé. Òṣìṣẹ́ ìjọba ni mí, Kubwa sì ni èmi àti ìyàwó mi ń gbé pẹ̀lú ọmọkùnrin wa tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ pé ọmọ ọdún mẹ́tàlá. Ní ọdún tó kọjá, ọmọ yìí yá ìdìpọ̀ kìíní Death Note, ọ̀kan nínú àwọn ìwé ìtàn alàwòrán ti Japan tí à ń pè ní mángà, lọ́wọ́ ọ̀rẹ́ rẹ̀ kan. Mo gbà á lọ́wọ́ rẹ̀ kí n lè mọ ohun tí ó wà nínú rẹ̀, mo jókòó tì í lẹ́yìn oúnjẹ alẹ́, n kò sì dìde títí mo fi kà á tán. Láti ọjọ́ náà ni mo ti ń ra mángà díẹ̀díẹ̀, bí owó bá ṣe yọ.

Ìṣòro mi ni pé àkójọ mi kò lórí, kò nídìí. Mo ní ìdìpọ̀ 1, 2 àti 5 nínú One Piece, méjì nínú Naruto, mẹ́ta nínú Death Note, pẹ̀lú kọ́míìkì Amẹ́ríkà mẹ́ta tí mo rí lọ́dọ̀ àwọn tí ń pàtẹ ìwé àlòkù ní Wuse. Ibi tí mo bá ti bá ìwé pàdé ni mo ti ń rà á, nítorí ẹ̀rù ń bà mí pé bí mo bá kọjá, n kò ní rí i mọ́. Owó tí mo lè yà sọ́tọ̀ lóṣù kò ju 40,000 náírà lọ. Ṣé kí n gbájú mọ́ One Piece, èyí tí ọmọ mi fẹ́ràn jù, tí ìdìpọ̀ rẹ̀ sì ti kọjá 100, àbí kí n wá ìtàn tí ó kúrú?

Ó ku ọ̀rọ̀ mẹ́ta. Ẹnìkan tí mo bá pàdé lórí íntánẹ́ẹ̀tì ta ìdìpọ̀ mẹ́rin fún mi, àwòrán inú wọn ṣú, ọ̀rọ̀ ẹ̀gbẹ́ ojú ìwé sì gé dànù. N kò ka àwọn yẹn mọ́ àkójọ mi. Ní ìgbà òjò tó kọjá, ikán wọ páálí tí mo kó ìwé sí, ó jẹ ìsàlẹ̀ rẹ̀ kí n tó fura. Yàtọ̀ sí èyí, ọ̀gá kan níbi iṣẹ́ wa ní kí n má ka àwọn ìwé náà mọ́, pé kí n fi ọ̀rá dì wọ́n pa, nítorí owó ńlá ni wọn yóò dà lọ́jọ́ iwájú. Ṣé òótọ́ ni?

Àǹtí Mángà (Garki) dáhùn:

Ẹ̀gbọ́n, ẹ kú ìnáwó, ẹ sì kú ìfẹ́ ìwé. Ọdún kẹsàn-án rèé tí mo ti ń kó mángà jọ ní Garki, ohun tí ẹ ń ṣe yìí gan-an ni mo fi ọdún mẹ́ta àkọ́kọ́ ṣe, mo sì kábàámọ̀ rẹ̀. Ìdìpọ̀ 1, 2 àti 5 kì í ṣe ìtàn. Ẹni tí ó bá ní in kò lè kà á tẹ̀léra, kò sì lè fún ẹlòmíràn kà.

Ẹ jọ̀wọ́, ẹ fi One Piece sílẹ̀ ná. N kò sọ pé kò dára; láti 1997 ni Eiichiro Oda ti ń kọ ọ́, mo sì mọ ìdí tí ọmọ yín fi fẹ́ràn rẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí a ṣírò owó rẹ̀. Iye tí wọ́n ń tẹ̀ sí ẹ̀yìn ìdìpọ̀ kan lédè Gẹ̀ẹ́sì sábà máa ń wà láàárín dọ́là 10 sí 12. Bí a bá ṣẹ́ dọ́là kan ní 1,500 náírà, dọ́là 12 di 18,000 náírà, kí a tó dárúkọ owó wéèbíìlì. Ọgọ́rùn-ún ìdìpọ̀ di 1,800,000 náírà. Kí ìjọba tó tú náírà sílẹ̀ ní oṣù kẹfà ọdún 2023, dọ́là kò tó 500 náírà ní báńkì, ìdìpọ̀ kan náà kì bá sì tó 6,000 náírà. Nígbà náà, akọ̀wé kékeré lè dáwọ́ lé ìtàn gígùn. Lónìí, tí owó oṣù tí ó kéré jù lábẹ́ òfin jẹ́ 70,000 náírà, ìdìpọ̀ kan ṣoṣo ju ìdá kan nínú mẹ́rin rẹ̀ lọ.

Nítorí náà, ohun tí ẹ lè parí ni kí ẹ kọ́kọ́ mú. Ìdìpọ̀ 12 ni ìtàn Death Note, ẹ sì ti ní mẹ́ta. Bí ẹ bá ń ra méjì lóṣù, oṣù márùn-ún ti tó láti parí rẹ̀. Ẹ kò tíì mọ bí inú ẹni ṣe máa ń dùn tó nígbà tí òpó ẹ̀yìn ìwé méjìlá bá tò tẹ̀léra lórí pẹpẹ láìsí àlàfo kankan. Lẹ́yìn èyí, ẹ lè lọ sí Demon Slayer tí ó jẹ́ ìdìpọ̀ 23, tàbí Fullmetal Alchemist ti Hiromu Arakawa tí ó jẹ́ 27. Ti Naruto kò ṣòro tó bí ó ṣe rí: ìdìpọ̀ 72 ni, ṣùgbọ́n wọ́n ti di mẹ́ta mẹ́ta pọ̀ sínú ìwé kan, ó wá di ìwé 24, owó ìwé kọ̀ọ̀kan sì kéré sí owó ìdìpọ̀ mẹ́ta. Àléébù irú ìwé bẹ́ẹ̀ ni pé ó nípọn. Bí ọmọ bá là á gbalaja, ẹ̀yìn rẹ̀ yóò kán.

Ní ti ọmọ yín, ẹ yí ìwé náà padà kí ẹ wo ẹ̀yìn rẹ̀. Àmì T+ ni ó wà lára Death Note, èyí tí ó túmọ̀ sí pé ọmọ ọdún mẹ́rìndínlógún sókè ni àwọn tó tẹ̀ ẹ́ ní lọ́kàn. T ni ti One Piece àti Naruto, ó bá ọjọ́ orí rẹ̀ mu.

Ayédèrú ìwé bà mí nínú jẹ́ ju ohun gbogbo lọ nínú iṣẹ́ ìfẹ́ yìí, nítorí ayàwòrán tí ó sun oorun wákàtí díẹ̀ lóru kí ìtàn rẹ̀ lè jáde lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀ kò rí kọ́bọ̀ kan nínú rẹ̀. Kí ẹ tó sanwó, ẹ ní kí olùtàwé ya fọ́tò ojú ìwé kan láàárín, kì í ṣe èèpo nìkan. Dúdú inú ojúlówó máa ń dúdú dáadáa, àwọn ìlà tín-tìn-tín rẹ̀ kì í dàpọ̀, ọ̀rọ̀ kì í sì í bọ́ sínú ibi tí wọ́n ti di ìwé pọ̀. Ẹ tún ní kí ó ya ojú ìwé tí ẹ̀tọ́ òǹkọ̀wé wà. Lára ọ̀pọ̀ mángà tí ilé ìtẹ̀wé VIZ tẹ̀ lédè Gẹ̀ẹ́sì ni ẹ ó ti rí òǹkà láti 10 dé 1 níbẹ̀. Òǹkà tí ó kéré jù tí ó ṣẹ́kù ni yóò sọ ìgbà kelòó tí wọ́n tẹ ìwé náà. Bí olùtàwé bá ń yẹ̀ ẹ́ fún yín, tí ó ń sọ pé ìwé ń tán lọ, kí ẹ yára ránṣẹ́ owó, ẹ fi í sílẹ̀.

Àgbà Kàdúná dáhùn:

Àbúrò mi, mo kí ọ, mo sì kí àbúrò mi obìnrin tí ó sọ̀rọ̀ ṣáájú. Kàdúná ni wọ́n bí mi sí, òṣìṣẹ́ rélùwéè ni bàbá mi. Nígbà tí mo wà ní kékeré, Atọ́ka ni a máa ń dúró dè: eré àwọn òṣèré tíátà Yorùbá tí wọ́n ya ní fọ́tò, tí wọ́n wá kọ ọ̀rọ̀ ẹnu wọn sí ẹ̀gbẹ́ orí wọn. Èmi tí mo ń sọ Hausa pẹ̀lú ẹgbẹ́ mi ní gbogbo ọjọ́, inú Atọ́ka ni mo ti kọ́ láti ka Yorùbá geerege. Lẹ́yìn rẹ̀ ni kọ́míìkì Powerman dé ní 1975, èyí tí àwọn ayàwòrán Dave Gibbons àti Brian Bolland yà ní Lọ́ńdọ̀nù fún àwa ọmọ Nàìjíríà kí ayé tó mọ orúkọ wọn. Ní 1976 ni Wale Adenuga bẹ̀rẹ̀ Ikebe Super. Mo ní ọ̀pọ̀lọpọ̀ nínú àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Ẹ̀dà méjìdínlógún péré ni ó kù, ikán ni ó jẹ ìyókù nígbà tí mo rin ìrìn àjò oṣù méjì.

Nítorí náà, ọ̀rọ̀ ikán ni mo fẹ́ sọ, kí o sì fara balẹ̀ gbọ́ ọ. Má gbé páálí ìwé sílẹ̀ẹ́lẹ̀ mọ́ láyé. Láti inú ilẹ̀ àti inú ògiri ni ikán ti ń wá. Pẹpẹ onírin tí ẹsẹ̀ rẹ̀ ga, tí o gbé jìnnà sí ògiri níwọ̀n àtẹ́lẹwọ́ kan, ni ó yẹ ìwé. Má ṣe lo kẹrosíìnì bí àwọn kan ti ń ṣe, òórùn rẹ̀ kì í kúrò lára bébà. Máa gbé ìwé kọ̀ọ̀kan jáde lẹ́ẹ̀kan lóṣù, kí o ṣí i wò. Ojú ẹni tó ni ìwé ni ikán ń sá fún.

Ohun kejì ni ojú ọjọ́ wa. Láti oṣù kẹrin títí dé oṣù kẹwàá ni òjò ń rọ̀ ní Àbújá, bébà á máa fa omi mọ́ra, èébú á sì hù sí i. Nígbà tí ọyẹ́ bá dé, eruku yóò bo ohun gbogbo, gọ́ọ̀mù ẹ̀yìn ìwé yóò gbẹ. Àwọn àpò kékeré tí ń fa omi, tí a ń bá nínú páálí bàtà tuntun, má jù wọ́n nù. Kó wọn sínú àpótí oníke tí ó ní ìdérí nígbà òjò. Oòrùn ni ọ̀tá kẹta. Bébà tí wọ́n fi ń tẹ mángà kò yàtọ̀ púpọ̀ sí ti ìwé ìròyìn, bí ìmọ́lẹ̀ bá sì ń bà á lójoojúmọ́, yóò pọ́n bí ẹ̀kọ àgbàdo pupa. Gbé pẹpẹ náà sí ògiri tí fèrèsé kò kọjú sí.

Mo rọ̀ ọ́ pẹ̀lú pé kí o fi ti ilé kún ti òkèèrè. Roye Okupe kọ kọ́míìkì Malika, ó sì fa ìmísí rẹ̀ láti ara Ọbabìnrin Amina ti Zazzau, ìyẹn Zaria tí kò jìnnà sí wa. Òun náà ni ó kọ Iyanu, tí ilé ìtẹ̀wé Dark Horse gbé jáde ní 2021, tí ó sì di eré àwòrán lórí tẹlifíṣọ̀n ní 2025. Nígbà tí ọmọ ọmọ mi rí i pé Ìyanu ni orúkọ akọni obìnrin náà, ó pe gbogbo ilé kí a wá wò ó.

Ọmọ Zaria dáhùn:

Ẹ kú ọ̀rọ̀, bàbá wa. Ẹ̀gbọ́n, èmi kò fara mọ́ ohun tí Àǹtí sọ pátápátá, kí wọ́n dárí jì mí. Bí ọmọ yín bá fẹ́ One Piece, ẹ má dí i lọ́wọ́. Ẹ jẹ́ kí ó kà á lórí fóònù lọ́nà tí ó bófin mu. Àwọn Shueisha tó ń tẹ̀ ẹ́ ní Japan dá áàpù MANGA Plus sílẹ̀ ní 2019, ọ̀fẹ́ ni orí mẹ́ta àkọ́kọ́ àti orí mẹ́ta tí ó jáde kẹ́yìn níbẹ̀, a sì ń rí i lò ní Nàìjíríà. Bí mo ṣe ń mọ ìtàn tí ó yẹ kí n ra ìwé rẹ̀ nìyẹn, nítorí owó akẹ́kọ̀ọ́ kò gba àṣìṣe.

Ọ̀rọ̀ ọ̀gá yín kò rí bẹ́ẹ̀. Lóòótọ́ ni wọ́n ta ẹ̀dà kan Action Comics kìíní, èyí tí Superman ti kọ́kọ́ jáde ní 1938, ní mílíọ̀nù mẹ́fà dọ́là ní 2024. Sẹ́ńtì mẹ́wàá ni wọ́n tà á nígbà tí ó jáde. Ṣùgbọ́n ohun tí ó sọ ọ́ di olówó iyebíye ni pé àwọn ọmọdé kà á, wọ́n ya á, àwọn ìyá wọn sì dà á nù, díẹ̀ ló wá ṣẹ́kù. Ní 1991, ẹ̀dà X-Men kìíní tí ó ju mílíọ̀nù mẹ́jọ lọ ni wọ́n tà, ọ̀pọ̀ ènìyàn sì fi ọ̀rá dì í pa mọ́ nítorí ọ̀la. Ọ̀pọ̀ wọn ló ṣì wà níbẹ̀, ìdí nìyẹn tí kò fi wọ́n. Ẹ ka ìwé yín, ẹ̀gbọ́n. Ọ̀rá dára fún kọ́míìkì tín-ín-rín Amẹ́ríkà, pàápàá bí ẹ bá fi páálí tí kò ní ásíìdì tì í lẹ́yìn, nítorí kí ó má baà ká ni, kì í ṣe kí a má baà kà á.

Ohun kan tí ó máa ń dùn mọ́ mi: láti ọwọ́ ọ̀tún sí òsì ni a ti ń ka mángà, ọ̀pọ̀ ènìyàn sì máa ń ṣi í kà lójú ìwé àkọ́kọ́. Àwa tí a ti jókòó ní ilé kéwú ní Sabon Gari kò ní ìṣòro yẹn rárá.

Bàbá Òǹkàwé (Kubwa) fèsì:

Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ gbogbo yín. Mo ti gbé páálí kúrò nílẹ̀ láàárọ̀ yìí, wẹ́dà kan sì ti gbà láti bá mi ṣe pẹpẹ onírin. Mo fi Death Note sórí pẹpẹ òkè títí ọmọ náà yóò fi dàgbà sí i, ó sì ti ń ka One Piece lórí fóònù mi. Oṣù yìí ni mo máa ra ìdìpọ̀ 4 àti 5 Death Note. Ìdìpọ̀ 5 One Piece yẹn kò wúlò fún mi báyìí. Bí ẹnikẹ́ni bá ń wá a, mo ṣe tán láti fi ṣe pàṣípààrọ̀.

Àǹtí Mángà (Garki) dáhùn:

Ẹ̀gbọ́n, mo ní ìdìpọ̀ 4 Death Note ní ẹ̀dà méjì, ojúlówó ni méjèèjì. Ìdìpọ̀ 5 One Piece ni ó sì yọ nínú tèmi láti ọjọ́ tí ẹnìkan ti yá a tí kò dá a padà. Ẹ jẹ́ kí a pàdé ní Berger lọ́jọ́ Sátidé, lẹ́yìn ìmọ́tótó àyíká bí ó bá bọ́ sí ọjọ́ rẹ̀. Ẹ mú ọmọ náà dání.