Bàbá mi fẹ́ kun Raleigh Bàbá Àgbà ní ọ̀dà pupa, ẹ gbà mí o

Ọmọ Olóko Kòkó:
Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin èèyàn mi. Kẹ̀kẹ́ Raleigh Bàbá Àgbà wà nínú yàrá ẹ̀yìn ilé wa ní abúlé kan lẹ́bàá Iléṣà. Ìrántí ọdún kẹwàá wọn ń bọ̀ nínú oṣù Ọ̀pẹ, bàbá mi sì ti bá wẹ́dà kan sọ ọ́: kó ha gbogbo ara rẹ̀, kó kùn ún ní pupa, kí wọ́n gbé e síwájú kánópì kí àlejò máa bá a ya fọ́tò. Pupa o!

Mo fi àkísà tútù nu ibì kan tí kò ju àtẹ́lẹwọ́ lọ. Ọ̀dà dúdú rẹ̀ ṣì ń dán, ìlà wúrà tín-ín-rín kan sì yọ, tó ń gbọ̀n díẹ̀ bí èyí tí èèyàn fọwọ́ fà. Àmì Raleigh, ẹyẹ ọlọ́rùn gígùn tó wà níwájú, ṣì wà níbẹ̀. Irin ni bíréèkì rẹ̀ látòkè délẹ̀, kò ní wáyà. Ṣéènì kékeré kan tún yọ láti àárín táyà ẹ̀yìn.

Báwo ni mo ṣe lè mọ ọdún tí wọ́n ṣe é? Kí ni mo sì lè sọ fún bàbá mi tí kò ní dà bí àfojúdi?

Ará Mọ́kọ́lá:
Jẹ́ kí wọ́n kùn ún jàre. Kẹ̀kẹ́ ni, kì í ṣe òrìṣà. Ti ẹ̀gbọ́n bàbá tèmi tí a ò kùn, àwọn tó ń ra irin àlòkù ló gbé e lọ.

Bàbá Fọkanáísà:
Ọmọ mi, dá wẹ́dà yẹn dúró lónìí. Tó bá ti gbé sánpépà sí i, ìlà wúrà yẹn lọ nìyẹn.

Ṣéènì kékeré tí o rí, ti gíá ni, gíá onípò mẹ́ta tí ilé iṣẹ́ Sturmey-Archer ṣe. Bàbá Àgbà yín rí òkè Ìjẹ̀ṣà kó tó rà á. Fi àkísà tí o tọ́ bọ kẹrosíìnì nu irin àárín táyà ẹ̀yìn, má jẹ́ kó kan ọ̀dà, má jẹ́ kó kan lẹ́tà tí wọ́n lẹ̀ mọ́ ọn. Wàá rí AW, orúkọ irú gíá náà, wàá sì rí nọ́ńbà méjì: ọdún ni àkọ́kọ́, oṣù ni ìkejì. Ihò epo wà níbẹ̀, epo ẹ́ńjìnnì díẹ̀ ni kí o kán sí i. Má fi gíríìsì dí i.

Táyà 28 x 1½ kò ní nira, òun náà ni kẹ̀kẹ́ Íńdíà ń lò. Nọ́ọ̀tì ni kí o ṣọ́ra fún. Ojú ìdè Raleigh, ìyẹn ìlà tí nọ́ọ̀tì ń yí wọ̀, níbi ọrùn kẹ̀kẹ́ àti ìdí pẹ́dà, 26 ló wà nínú íǹṣì kan, ti ọ̀pọ̀ kẹ̀kẹ́ mìíràn jẹ́ 24. Ọmọ iṣẹ́ mi kan fi agbára wé ti Ṣáínà wọ̀ ọ́ rí, ojú ìdè náà jẹ tán pátápátá. Owó oṣù mi ni mo fi san án.

Ìyá Ìbejì, Peckham:
Ẹgbẹ́ àwọn olólùfẹ́ kẹ̀kẹ́ àtijọ́ kan wà ní Ìlú Ọba níbí, Veteran-Cycle Club, láti 1955. Ẹ bi wọ́n léèrè. Awọ ìjókòó rẹ̀ ńkọ́? Ẹ má da òróró sí i o, yóò rọ̀, yóò sì wọlé bí àmàlà.

Ní ti fọ́tò, ẹ rántí ìpolówó Raleigh ayé ọjọ́un, ọkùnrin tó ń gun kẹ̀kẹ́ sá fún kìnnìún? Ẹ tẹ̀ ẹ́ tóbi, kí ẹ gbé e sẹ́yìn kẹ̀kẹ́. Kò sẹ́ni tó máa béèrè ọ̀dà pupa mọ́.

Ọmọ Olóko Kòkó:
Mo ti nù ún, sà. AW, 56, 9. Ṣùgbọ́n mo rí páànù láísẹ́nsì kan lábẹ́ ọwọ́ kẹ̀kẹ́, 1954 ló wà lára rẹ̀. Ṣé kẹ̀kẹ́ lè gba láísẹ́nsì kí wọ́n tó bí i ni?

Bàbá Fọkanáísà:
Wọ́n ti pààrọ̀ ẹsẹ̀ ẹ̀yìn ni. Ọjọ́ orí ara rẹ̀ nìkan ni gíá yẹn ń sọ. Lọ bi àgbà ilé.

Ọmọ Olóko Kòkó:
Àbúrò Bàbá Àgbà rẹ́rìn-ín títí. Wọ́n ní owó kòkó 1954 ló rà á, ìgbà tí kòkó gbówó lórí gan-an. Bàbá Àgbà di àpò kòkó méjì sẹ́yìn rẹ̀ lọ́jọ́ kan, afárá igi já, ẹsẹ̀ ẹ̀yìn ká bí ẹja gbígbẹ. Kẹ̀kẹ́ náà kò ní gíá tẹ́lẹ̀, ìgbà tí wọ́n ra ẹsẹ̀ tuntun ni wọ́n ra oní gíá.

Mo gbé páànù náà fún bàbá mi. Wọ́n fi èékánná ha ìdọ̀tí inú 4 yẹn, wọn ò sọ̀rọ̀ fún ìgbà díẹ̀. Wọ́n wá ní kí n pe wẹ́dà: kó wá jẹun lọ́jọ́ ìnáwó, kó má mú ọ̀dà dání.