Alumíníọ̀mù kì í ṣe irin: lórí orúkọ ẹ̀yà kẹ̀kẹ́ ológeere

Láti Àkúrẹ́

Ẹ̀gbọ́n, ẹ kú iṣẹ́ ọpọlọ o. Mo ti ka ọ̀rọ̀ mẹ́ta tí ẹ gbé wá láti Òǹdó fún ẹni tó bá fẹ́ kọ̀wé nípa bí a ṣe ń fi ẹ̀yà àlòkù tún kẹ̀kẹ́ olówó pọ́ọ́kú tò: "irin fúyẹ́" fún alumíníọ̀mù, "kẹ̀kẹ́ ìgbafẹ́" fún kẹ̀kẹ́ onítáyà rọ̀bọ̀tọ̀ tí àwọn ará Amẹ́ríkà ń pè ní cruiser, àti "àyọlò" fún ẹ̀yà tí a tú lára kẹ̀kẹ́ tó ti kú. Mo fara mọ́ ti àárín. Ti àkọ́kọ́ ni a máa jà lé lórí.

Ẹ jẹ́ ká wo ohun tí "irin" ń sọ sétí wẹ́dà. Bí ẹ bá gbé fírímù lọ bá a pé kó bá yín jó ibi ìkẹ́rù mọ́ ọn lẹ́yìn, tí ẹ sì ní irin fúyẹ́ ni, irin ló máa gbọ́. Fífúyẹ́ rẹ̀ kò kàn án. Rọ́ọ̀dù tó fi ń jó géètì ló máa mú. Nǹkan bí 660°C ni alumíníọ̀mù ń yọ́, ṣùgbọ́n èèpo tẹ́ẹ́rẹ́ tí afẹ́fẹ́ ń fi bo ara rẹ̀ kì í yọ́ títí iná á fi kọjá 2,000°C. Inú á ti di omi kí èèpo tó mọ̀ pé iná ń jó. Irin máa ń pọ́n kó tó yọ́, ojú alágbẹ̀dẹ sì ti mọ pípọ́n náà. Alumíníọ̀mù kì í pọ́n. Bó ṣe wà ló máa wà títí yóò fi wó lójijì, ihò á sì dá sí i. Kódà kí ẹ rí ẹni tó ní gáàsì ágọ̀nì, èyí tó ń lé afẹ́fẹ́ kúrò lójú àjó, tó sì mọ̀ ọ́n jó, ọ̀pọ̀ fírímù báyìí jẹ́ oríṣi tí wọ́n ń pè ní 6061, tó jẹ́ pé iná ni wọ́n fi sọ ọ́ di líle nílé iṣẹ́. Ibi tó sún mọ́ ojú àjó á tún rọ̀ padà, ẹ̀gbẹ́ ibẹ̀ ló sì máa ń là lẹ́yìn oṣù díẹ̀ tí ẹrù ti ń gun orí rẹ̀. Bóòtù àti kílípù ni kí ẹ fi so ibi ìkẹ́rù, kí ẹ gé chúùbù tó ti bẹ́, kí ẹ fi tẹ́ abẹ́ kílípù.

Fífẹ̀ náà ńkọ́? Kẹ̀kẹ́ irin àtijọ́ tí àwọn bàbá wa ń gùn lọ oko, ènìyàn lè fipá ya ẹ̀yìn rẹ̀ kí họ́ọ̀bù, ìyẹn àárín rímù, tó fẹ̀ jù lè wọlé, kò sì ní ṣe nǹkan kan. Ẹ̀yìn kẹ̀kẹ́ ìgbafẹ́ oníjánu inú họ́ọ̀bù sábà máa ń fẹ̀ tó mìlímítà 110. Họ́ọ̀bù kẹ̀kẹ́ orí òkè tí ẹ máa rí lọ́dọ̀ àwọn tó ń ra kọ́ńdẹ́mù jẹ́ 135. Ẹni tó bá gbọ́ "irin" á fi ẹsẹ̀ ti apá kan, á fa èkejì. Alumíníọ̀mù á gbà fún un lónìí, á sì là níbi àjó nígbà tó bá yá.

Àwọn bàbá wa kò pe idẹ ní irin pupa. Wọn ò pe òjé ní irin tó wúwo. Bàbà ń jẹ́ bàbà, tánganran ń jẹ́ tánganran. Kí ló wá dé tí alumíníọ̀mù, tí wọ́n ń dà sínú yanrìn di ìkòkò lójú wa, á fi máa jẹ́ orúkọ onírin? Ẹ jẹ́ kó máa jẹ́ orúkọ tó bá wá. Ẹni tí kò bá mọ èyí tó wà lọ́wọ́ rẹ̀, kó yọ òòfà lára sípíkà rédíò tó ti bàjẹ́, kó fi kan fírímù. Bí kò bá mú un, kó gbé e kúrò lọ́dọ̀ wẹ́dà.

Ọ̀rọ̀ ìṣe tó bá a rìn náà tún wà ńbẹ̀. Irin ń dógùn-ún. Alumíníọ̀mù kì í dógùn-ún, ó ń hu lẹ́búlẹ́bú funfun, pàápàá níbi tó bá ti fara kan irin tí omi òjò sì wọ àárín wọn. Níbi ọ̀pá ìjókòó ni ẹ ti máa rí i: bí ọ̀pá irin bá wọ inú fírímù alumíníọ̀mù láìsí gírísì, ọdún kan péré lè tó kí wọ́n di ara kan. Mo dábàá pé ká máa sọ pé ó "hu ẹfun". Gírísì ni kí ẹ fi pa ọ̀pá náà, kí ẹ máa fà á yọ lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan kí ẹ tún un pa.

Ní ti "àyọlò", ilé ti kún. Àwọn olùkọ́ lítíréṣọ̀ ti fi í dúró fún ọ̀rọ̀ tí a mú nínú ìwé oníwèé. "Àtúlò" ì bá dára, torí pé "tú" ni mẹkáníìkì ń wí, ṣùgbọ́n bí ènìyàn bá sọ ọ́ kíá, "àtúnlò" ni etí á gbé, ìyẹn sì ti di ti ike tí wọ́n ń lọ̀ di nǹkan mìíràn. Àlòkù tó wa. Tòkunbọ̀ kò bá a mu àfi bí ẹ̀yà náà bá gba orí omi wọlé lóòótọ́.

"Kẹ̀kẹ́ ìgbafẹ́" dùn létí. Kìkì pé ní Àkúrẹ́ báyìí, bí ẹ bá sọ pé kẹ̀kẹ́, Márúwá ni wọ́n máa dá dúró fún yín. Ẹ fi ológeere kún un níbi tí ẹ bá ti kọ́kọ́ dárúkọ rẹ̀.

Nọ́ńbà ara táyà pẹ̀lú jẹ́ orúkọ, òun ló sì ń tan ènìyàn jù. Táyà ìgbafẹ́ jẹ́ 26 × 2.125, irú èyí tí Schwinn, ilé iṣẹ́ tó ń ṣe kẹ̀kẹ́, gbé jáde ní Amẹ́ríkà ní 1933. Òmíràn wà tó jẹ́ 26 × 1⅜. Àwọn méjèèjì ń jẹ́ "íńṣì 26", ṣùgbọ́n rímù ti àkọ́kọ́ jẹ́ mìlímítà 559 níbi tí táyà ń jókòó sí, ti èkejì jẹ́ 590. Ẹni tó bá ra táyà èkejì sórí rímù àkọ́kọ́ á rí i pé ó wọlé wọ́ọ́rọ́wọ́, á sì máa yọ̀, títí tó máa fi fọ́n ọn dáadáa, tí táyà á sì fò jáde. Nọ́ńbà kékeré bíi 57-559 tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ táyà ni kí ẹ kà.

Ó ku ìjánu. "Ìjánu àtẹ̀sẹ́yìn" ni kí a máa pe èyí tí a ń fi ẹsẹ̀ tẹ̀ padà. Ó ní irin pẹlẹbẹ kan ní ọwọ́ òsì họ́ọ̀bù, mo dábàá "apá ìdìmú" fún un, torí pé ohun tó ń ṣe gan-an nìyẹn. Ọ̀pọ̀ ló ń tú rímù, tí wọ́n á tò ó padà láì de apá yìí mọ́ fírímù. Nígbà tí wọ́n bá tẹ̀ ẹ́ sẹ́yìn, apá á yí lọ, ó lè gba sípóòkù, ìjánu kò sì ní mú. Ìgbóná tún ń bá a jà. Bí ẹ bá ń tẹ ìjánu yìí láìsinmi láti orí òkè gígùn títí dé ìsàlẹ̀, gírísì inú rẹ̀ á yọ́, á jóná. Ẹ wá ìjánu iwájú mọ́ ọn. Fún gígun òkè ní tirẹ̀, ẹ yọ jíà eléyín 18 tó wà lẹ́yìn, ẹ fi 22 sí i. Bí jíà iwájú bá jẹ́ eléyín 44, ìyípo pẹ́dàlì kan tó ń gbé yín lọ mítà 5 tẹ́lẹ̀ á di nǹkan bíi mítà 4, ẹsẹ̀ á sì fúyẹ́. Ẹ fi ojú méjì kún ṣéènì.

Ìdáhùn láti Òǹdó

Àbúrò, o káre. Mo ti gbé àyọlò jù sílẹ̀. Àmọ́ lórí irin, mo ṣì dúró. Irinṣẹ́ ni à ń pe búrọ́ọ̀ṣì ọ̀dà, igi àti irun ni. Irinṣẹ́ ni téèpù tí télọ̀ fi ń wọn ènìyàn. Ọ̀rọ̀ náà ti fẹ̀ tipẹ́, o ò lè gbà á padà lẹ́nu ayé. Ìbéèrè kan tún rèé: kíráńkì, ìyẹn apá tí pẹ́dàlì ń so mọ́, èyí tó jẹ́ ọ̀pá kan ṣoṣo tí wọ́n tẹ̀ láti apá òsì dé apá ọ̀tún, ṣé "kíráńkì ọlọ́pàá kan" kò dára?

Láti Àkúrẹ́

Ẹ̀gbọ́n, irinṣẹ́ fẹ̀ lóòótọ́, ṣùgbọ́n kò sẹ́ni tó ń gbé búrọ́ọ̀ṣì lọ fún wẹ́dà. Ní ti ọlọ́pàá kan, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má jẹ́ kí wọ́n dá wa dúró ní Ọjà Ọba. "Kíráńkì onírin kan" ni tèmi. Ó tọ́ sí orúkọ náà, òòfà á mú un ṣinṣin. Kí ẹni tó bá fẹ́ fi pẹ́dàlì àlòkù sí i wọn ihò rẹ̀ kó tó náwó: íńṣì ½ ni tirẹ̀, ti kíráńkì tó ní ẹ̀yà mẹ́ta sì jẹ́ 9/16, wọn ò ní wọ ara wọn. Pẹ́dàlì òsì ni wọ́n máa ń bàjẹ́ jù níbi títú. Òdìkejì ni tírẹ́ẹ̀dì rẹ̀, bí ọwọ́ aago ṣe ń lọ ni à ń yí i kó tó tú, bẹ́ẹ̀ náà sì ni nọ́ọ̀tì tó di kíráńkì onírin kan mú ní apá òsì.