Èsì: Ẹ dákun, èèrà kò ní ayaba

Ẹ̀yin ará, ẹ kú iṣẹ́ ọpọlọ.

Láti ìgbà tí ọ̀kan nínú wa ti fi àwòrán èèrà kékeré tó mú nílẹ̀ ránṣẹ́, tó ní ká bá òun mọ irú èyí tó jẹ́, mo ti ń ka èsì, mo sì panu mọ́. Ṣùgbọ́n láàárọ̀ yìí tí alàgbà wa kọ̀wé pé "ayaba-èèrà oníkòkò méjì" ni, pé irú èèrà tí àwọn onímọ̀ ń pè ní Monomorium ni, nítorí pé ó kéré, ó sì pọ́n, pé kí ọ̀rọ̀ parí síbẹ̀, ara mi kò gbà á mọ́. Àgbà ni wọ́n, mo júbà, àmọ́ ọ̀rọ̀ kò rí bẹ́ẹ̀.

Ẹ jẹ́ ká mú "ayaba" ná, orúkọ tí wọ́n ń pe abo èèrà tó ń yé ẹyin. Aya ọba ni. Ọ nìkan ni ìpajẹ mú lọ níbẹ̀, aya wà níwájú digbí. Ta wá ni ọkọ? Akọ èèrà kì í pẹ́ láyé: ó fò, ó gun abo, ó kú. Ohun tí abo gbà lọ́wọ́ rẹ̀ ni yóò tọ́jú sínú àpò kan nínú ikùn, òun ni yóò sì máa fi yé ẹyin títí ọjọ́ ayé rẹ̀. Ká ní ikán ni à ń sọ, n kò ní jiyàn. Ikán ní ọba, ọba náà ń bá aya rẹ̀ gbé inú yàrá kan, wọ́n á jọ wà níbẹ̀ pẹ́ títí. Ayaba ikán tọ̀nà. Èwo ni ká wá ṣí aṣọ ikán kúrò lára rẹ̀, ká dà á bo èèrà?

Àwọn tó ní "ọbabìnrin" ni ká lò, ẹ̀yin náà ẹ dúró. Ọba kì í pé méjì láàfin. Èèrà rẹ́súrẹ́sú tí Linnaeus, onímọ̀ ẹ̀dá, fi orúkọ Fáráò pè ní 1758, ọ̀pọ̀ abo tó ń yé ẹyin ló máa ń wà nínú ilé rẹ̀ kan ṣoṣo, wọn kì í sì bá ara wọn du oyè. Oyè wo ni wọn ì bá tilẹ̀ dù? Kò sí ẹni tó ń gbàṣẹ lẹ́nu wọn. Ẹyin ni wọ́n ń yé, àwọn tí à ń pè ní òṣìṣẹ́ sì jẹ́ ọmọ obìnrin tí wọ́n bí. Ìyá ni mo bá pè é, ìyá èèrà. Ìyá lè pé mẹ́wàá nínú agbo ilé kan. Ìyá tó bí ìyá mi, tó bá ti rí èyí tó tóbi láàárín àwọn kéékèèké, "ìyá wọn nìyẹn" ló máa ń wí, kò sí ẹni tó béèrè ìtumọ̀.

"Oníkòkò" ló bí mi nínú jù. Oní àti ìkòkò ló ń di oníkòkò, ìkòkò sì ni ohun tí à ń gbé kaná. Èyí tó yọ ní ìbàdí èèrà, kókó ni, ohùn òkè lórí méjèèjì, bíi kókó okùn. Oníkókó méjì. Alàgbà wa, ẹ má sọ pé ẹ̀rọ ló ṣe é, nítorí ẹ fi àmì ìsàlẹ̀ sí i lẹ́ẹ̀mejì. Ọgbọ̀n ọdún tí ẹ fi kọ́ni ní Yorùbá, ẹ kú iṣẹ́, àmọ́ ọgbọ̀n ọdún kò sọ ìkòkò di kókó. Nínú ìwé kan náà lẹ ti kọ ọ́ pé ó ní "apá méjì" lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀yìn. Mo fẹ àwòrán náà títí ó fi kún ojú kọ̀ǹpútà. Kò sí apá ìfò kankan. Ẹ̀yìn rẹ̀ ga bí iké, torí ibẹ̀ ni iṣan tó fi fò wà. Lẹ́gbẹ̀ẹ́ iké náà ni ojú ibi tí apá ti já, ó rí bí ojú ibi tí ewé ti já lára ẹ̀ka. Àpá apá ni. Òun la fi mọ̀ pé ìyá ni, kì í ṣe òṣìṣẹ́, bí kò tilẹ̀ gùn ju mìlímítà 4 lọ.

Nípa irú tó jẹ́, wọ́n ní amúkùn-ún, ẹrù rẹ wọ́, ó ní òkè lẹ̀ ń wò, ẹ ò wo ìsàlẹ̀. Kíkéré àti pípọ́n kò sọ nǹkan kan. Ìbàdí ni ká kọ́kọ́ wò. Oníkókó kan ni àwọn èèrà tí à ń pè ní Camponotus àti Lasius. Oníkókó méjì ni gbogbo ẹbí Myrmicinae, ẹbí ńlá sì ni: Monomorium wà níbẹ̀, Solenopsis wà níbẹ̀, Pheidole wà níbẹ̀. Ìwo orí ló kàn. Bí oríkèé rẹ̀ bá jẹ́ 10 tàbí 11, tí 2 tó gbẹ̀yìn wú bí orí kùmọ̀, ẹ fura sí Solenopsis. Bó bá jẹ́ 12, tí 3 wú, ẹ wo Pheidole tàbí Monomorium. Mo ka ti inú àwòrán yìí lẹ́ẹ̀mẹ́ta. Mo rí 10, mo rí 11, mo tún rí 10, ibẹ̀ ti ṣú jù. Kí ẹni tó mú un fi awò wò ó, kó ka oríkèé fún wa. Bí kò bá rí i kà, kó dúró de àwọn ọmọ. Bí olórí ńlá bá yọ láàárín wọn, ká fura sí Pheidole.



Ìbéèrè kan ṣoṣo ló mú mi: àbúrò wa kan béèrè pé abo èèrà tí apá rẹ̀ kò tí ì já, tí akọ kò tí ì gùn, ṣé ìyá la ó pe èyí náà? Rárá, kò tí ì bímọ. "Abìyẹ́" tí ẹnì kan dá lábàá kò wọ̀ mí létí, ìyẹ́ ni ti ẹyẹ. Abo alápá ni mo ń kọ báyìí. Ẹni tó bá takú sórí abìyẹ́, kó kọ́kọ́ fi ìyẹ́ hàn mí lára èèrà.