Ẹ sọ tiyín: ibo lẹ ti bá ìlà òpómúléró ohun kan pàdé?

Olùkọ́ Físíìsì, Ìbàdàn:

Ẹ kú ìrọ̀lẹ́ o, ẹ̀yin ará ilé. Ọ̀rọ̀ físíìsì ni mo gbé wá, ṣùgbọ́n ẹ má tíì sá. Bí oorun bá ti fẹ́ gbé kíláàsì mi lọ lọ́sàn-án, ìwé kan tó nípọn ni mo máa ń mú, màá fi rọ́bà dè é kó má baà ṣí, màá sì máa jù ú sókè. Ìwé náà gùn ní sẹ̀ǹtímítà 24, ó fẹ̀ ní 16, ó sì nípọn ní 3. Bí mo bá jù ú pẹrẹsẹ, tí èèpo rẹ̀ ń wo àjà, yóò máa yí jẹ́jẹ́ títí màá fi hán an. Bí mo bá yí i yíká gígùn rẹ̀, kò sí wàhálà. Àmọ́ bí mo bá fi ọwọ́ méjèèjì mú un níwájú àyà, tí mo jù ú kó ta òkìtì, kò ní ta òkìtì náà tán tí yóò fi fara yí. Èèpo tó kọjú sí mi tẹ́lẹ̀ á ti di ẹ̀yìn. Àwọn ọmọ á ní ọwọ́ mi ló yí i. Màá gbé ìwé fún wọn, wọ́n á jù ú títí, ohun kan náà ni wọ́n á rí.

Ohun tó fà á nìyí. Kò sí ohun líle kan láyé tí kò ní ìlà mẹ́ta tó pàdé ní ibi tí ìwúwo rẹ̀ ti dọ́gba, tí ọ̀kọ̀ọ̀kan sì dábùú èkejì ní igun 90. Principal axes ni wọ́n kọ sínú ìwé, ìlà òpómúléró ni mo ń pè é fún àwọn ọmọ mi. Johann Segner ló fi hàn ní 1755 pé wọ́n wà lára ohun gbogbo, bó ti wù kó rí wọ́gọwọ̀gọ tó. Leonhard Euler wá fi wọ́n ṣe ìpìlẹ̀ ìṣirò ìyípo. Yí nǹkan lórí ọ̀kan nínú wọn, kò ní gbọ̀n. Yí i lórí ìlà mìíràn, yóò máa wá bó ṣe máa yà kúrò níbẹ̀.

Ìlà kọ̀ọ̀kan ló ní iye agídí tirẹ̀, ìyẹn bí nǹkan náà ṣe ń kọ̀ tó láti yí lórí ìlà yẹn. Moment of inertia ni wọ́n ń pè é nínú ìwé. Fún ìwé mi, ìlà gígùn jẹ́ 16² + 3², tí í ṣe 265. Ìlà ìbú jẹ́ 24² + 3², tí í ṣe 585. Ìlà tó gún èèpo kọjá jẹ́ 24² + 16², tí í ṣe 832. Ẹ fi ìwúwo ìwé náà sọ ọ̀kọ̀ọ̀kan di púpọ̀, kẹ́ ẹ pín in sí 12, ó parí. Èyí tó kéré jù àti èyí tó pọ̀ jù ló ń dúró. Ti àárín ni ọlọ̀tẹ̀. Ní 1985, Vladimir Dzhanibekov rí nọ́ọ̀tì elétí kan tó já kúrò lórí bóòtù nínú Salyut 7, ilé tí àwọn ará Soviet gbé sí ojú òfurufú. Ó ń yí lọ nínú afẹ́fẹ́, lójijì ó dorí kodò, ó ń yí lọ, ó tún dorí padà.

Ẹ̀yin ńkọ́? Mi ò fẹ́ ti inú ìwé o. Ibi tó ti kan iṣẹ́ ọwọ́ yín ni mo fẹ́ gbọ́.

Bọ̀dá Onítáyà, Mushin:

Olùkọ́, ẹ kú iṣẹ́. Èmi ò mọ Segner, ṣùgbọ́n ojoojúmọ́ ni mo ń gbowó lórí ọ̀rọ̀ rẹ̀.

Oníbàárà kan gbé Camry wá. Ó ní bí òun bá ti sáré dé 100 ní express, sitiárìn á bẹ̀rẹ̀ sí í jó lọ́wọ́ òun. Ó ti bálánsì táyà níbòmíràn, inú sì ń bí i. Ẹ̀rọ olómi ni wọ́n lò fún un níbẹ̀, èyí tí wọ́n máa ń gbé táyà lé pẹrẹsẹ, tí wọ́n á máa wo afẹ́fẹ́ kékeré inú omi títí yóò fi dúró sí àárín. Lóòótọ́, táyà náà ò wúwo síbì kan. Bẹ́ ẹ bá gbé e kọ́, ibi tẹ́ ẹ bá yí i sí ló máa dúró sí. Mo gbé e sórí ẹ̀rọ tèmi tó ń fi eré yí táyà, ó ní kí n lẹ òjé mọ́ ìhà inú ríìmù, kí n sì lẹ òmíràn mọ́ ìhà ìta, ní òdìkejì.

Ọmọ iṣẹ́ mi bi mí pé, "Ọ̀gá, ṣé òjé méjì tó kọjú síra wọn ò ní para wọn rẹ́ ni?" Wọ́n á para wọn rẹ́ bí táyà bá dúró jẹ́ẹ́. Bó bá ń yí, ọ̀kan ń fa inú síhìn-ín, èkejì ń fa ìta sọ́hùn-ún, táyà á sì máa mì sẹ́gbẹ̀ẹ́. Irú ẹrù méjì bẹ́ẹ̀ ló ti fara pamọ́ sára táyà yẹn kó tó dé ọ̀dọ̀ mi. Òjé tèmi ló wá dojú kọ wọ́n. Bí mo bá fẹ́ sọ ọ́ bíi tiyín, ìlà òpómúléró táyà náà ti wọ́ díẹ̀ kúrò lójú ààsì, òjé méjèèjì ló tẹ̀ ẹ́ padà. Ẹ̀rọ olómi ò lè rí ìyẹn láéláé, torí kì í yí nǹkan. Bí eré ọkọ̀ bá sì di ìlọ́po méjì, ìfà yẹn á di ìlọ́po mẹ́rin. Ìdí nìyẹn tí oníbàárà kì í fi mọ nǹkan kan lára bó bá ń rìn ní 50 láàárín àdúgbò.

Ẹnjiníà Olóòpó, Abẹ́òkúta:

Lọ́dọ̀ tèmi, nǹkan ò gbọdọ̀ yí rárá! Ṣùgbọ́n ojú irin tá a gé náà ní ìlà òpómúléró tirẹ̀. Méjì ni tibẹ̀. Ọ̀kan ni ibi tó ti le jù, èkejì ni ibi tó ti rọ̀ jù, wọ́n sì dábùú ara wọn.

Gbogbo káfíńtà ló mọ ti pákó. Pákó 2 by 6 tó dúró lórí ẹ̀gbẹ́ le ní ìlọ́po mẹ́sàn-án ju ìgbà tó bá sùn lọ, pákó kan náà. Ìyẹn ò le, torí ìlà pákó hàn sójú. Irin áńgù, èyí tó rí bí L, ló máa ń tan ènìyàn jẹ.

Wọ́n gbé àwòrán òpó táǹkì omi kan wá fún mi kí n yẹ̀ ẹ́ wò. Áńgù 50 sí 50, nínípọn mílímítà 5, ni wọ́n fẹ́ fi ṣe ẹsẹ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, òpó gíga tí wọn ò dè láàárín. Ẹni tó ṣírò rẹ̀ ṣí tábìlì, ó mú radius of gyration, ìyẹn òdiwọ̀n bí ojú irin ṣe ń kọ̀ tó láti tẹ̀, èyí tó bá etí áńgù náà lọ, sẹ̀ǹtímítà 1.51. Nọ́ńbà yẹn wà níbẹ̀ lóòótọ́. Àmọ́ áńgù kì í tẹ̀ gba ibẹ̀. Ìlà òpómúléró rẹ̀ dagun: ọ̀kan gba igun kọjá sáàárín etí méjèèjì, òun ló le jù, èkejì dábùú èyí, òun ló rọ̀ jù, 0.97 péré sì ni tirẹ̀. Ẹ sọ méjèèjì di sìkúéà kẹ́ ẹ fi wọ́n wéra. Ẹrù tí òpó gígùn máa gbà kó tó tẹ̀ kò ju nǹkan bí 41 lọ nínú 100 iye tí wọ́n kọ sínú ìwé. Táǹkì náà ì bá máà dúró kí omi tó kún un.

Jórinjórin tó fẹ́ ṣe iṣẹ́ náà ò gbà. Ó ní irin ni irin. Mi ò bá a jiyàn. Mo ní kó mú àjẹkù áńgù kan tó gùn díẹ̀, kó fún etí rẹ̀ kan mọ́ inú fáìsì, kí apá tó kù nà sí ìta, ká wá so garawa iyanrìn mọ́ orí rẹ̀. Orí irin náà lọ sílẹ̀, ó sì tún yà sẹ́gbẹ̀ẹ́. Ó yí garawa náà ká, ó ń wá ẹni tó tì í. Ó ní, "Ẹ̀gbọ́n, ẹ ò fọwọ́ kàn án?" Iyanrìn ń fa irin sísàlẹ̀ gbọnrangandan, irin ń tẹ̀ síbi tó rọ̀ lára tirẹ̀. Irin onígun Z tí wọ́n ń tẹ́ sábẹ́ páànù ilé-iṣẹ́ náà ń ṣe bẹ́ẹ̀, ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ń so ó mọ́ra wọn láàárín.

Ohun tá a ṣe ni pé a jó áńgù méjì pọ̀ kó di àpótí onígun mẹ́rin tó dọ́gba. Bí ojú irin bá ti rí báyẹn, agídí rẹ̀ dọ́gba lórí gbogbo ìlà tó gba àárín rẹ̀ kọjá. Kò ní ibi tó rọ̀ tí ọ̀tá lè gbà wọlé. A tún fi ọ̀pá dè é láàárín.

Mo máa ń bínú sí ìwé tó ń ya x àti y sórí gbogbo nǹkan kó tó wo nǹkan náà lójú. Ti ẹni tó mú pẹ́ńsù ni x àti y. Irin ò mọ̀ wọ́n.

Ìyá Ṣadé, Manchester:

Ẹnjiníà, ẹ ti sọ ọ̀rọ̀ mi. Èmi ń fi scanner ya àwòrán pàtì ẹ̀rọ tí wọn ò ṣe mọ́, kí wọ́n lè ṣe tuntun. Wíwọ́ ni gbogbo wọn ń wọ́ dé orí kọ̀ǹpútà, torí ibi tí scanner dúró sí ló fi ṣe òdiwọ̀n. MeshLab, ètò kọ̀ǹpútà tí mo fi ń ṣe é, ní àṣẹ kan tó ń wá ìlà òpómúléró ohun náà, tí yóò sì tò ó tọ́ lórí wọn. Ó máa ń dùn mọ́ mi bí ó bá gbé páìpù tàbí ọ̀pá kalẹ̀ gbọnrangandan lẹ́ẹ̀kan náà.

Kì í ṣe oògùn gbogbo àìsàn ṣá o. Ìlà ò lórí, kò nídìí, nítorí náà ìdajì nǹkan lè dé ní ìdoríkodò. Ìdérí tó rí róbótó ní ìlà méjì tí agídí wọn dọ́gba, kọ̀ǹpútà á wá mú èyí tó bá wù ú, òní ibí, ọ̀la ọ̀hún. Ẹ tún ṣọ́ra bó bá jẹ́ pé àmì tótòtó tí scanner kó ni ẹ fi ṣírò. Ibi tó bá ti kó àmì púpọ̀ jù á fa ìlà sọ́dọ̀ ara rẹ̀, bí ẹni pé ibẹ̀ wúwo. Ẹ fi ojú ara nǹkan náà tàbí inú rẹ̀ ṣírò, kì í ṣe àmì.

Ọmọ FUTA:

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin àgbà. NigeriaEduSat-1, sátẹ́láìtì kékeré tí wọ́n tú sílẹ̀ láti ilé òfurufú ISS ní 2017, kúbù sẹ̀ǹtímítà 10 ni. Níbo ni ìlà òpómúléró kúbù wà?

Olùkọ́ Físíìsì, Ìbàdàn:

Ibi tó bá wù ẹ́, ọmọ mi. Bí inú rẹ̀ bá rí bákan náà jálẹ̀, gbogbo ìlà tó bá ti gba àárín kọjá ni òpómúléró, agídí wọn dọ́gba. Kúbù tó ní bátìrì àti bọ́ọ̀dù nínú kì í dọ́gba tó bẹ́ẹ̀, ìyàtọ̀ kékeré yẹn ló sì máa pinnu bó ṣe máa yí.

Ẹ̀gbọ́n Olófurufú, Houston:

Olùkọ́, màá fi nǹkan kan kún un. Ẹ ní ìlà tó kéré jù máa ń dúró. Fún ohun tó le pátápátá ni. Explorer 1, sátẹ́láìtì àkọ́kọ́ tí Amẹ́ríkà fi ránṣẹ́, ní oṣù kìíní 1958, gùn tó mítà méjì, ó sì tẹ́ẹ́rẹ́. Wọ́n jẹ́ kó máa yí yíká gígùn rẹ̀, ní nǹkan bí 750 láàárín ìṣẹ́jú kan. Ṣùgbọ́n éríà mẹ́rin tó rọ̀ ló yọ jáde lára rẹ̀. Bí àwọn yẹn ṣe ń jó, wọ́n ń jẹ agbára ìyípo náà díẹ̀díẹ̀. Ohun tó ń pàdánù agbára báyẹn, orí ìlà tí agídí ti pọ̀ jù ló máa ń bọ́ sí. Kò pẹ́ tí Explorer 1 fi dábùú, tó ń yí ní ìbú, orí àti ìdí rẹ̀ ń gbá òfurufú. Ìwé tiyín kì í pẹ́ lókè tó bẹ́ẹ̀ kẹ́ ẹ tó hán an, lẹ ò ṣe rí i.

Bọ̀dá Onítáyà, Mushin:

Ẹ̀gbọ́n, ṣé táyà tèmi ò ní dábùú lójú express báyìí?

Ẹ̀gbọ́n Olófurufú, Houston:

Rárá o. Táyà fẹ̀ ju bó ṣe nípọn lọ, ojú ààsì gan-an ni agídí rẹ̀ ti pọ̀ jù. Ibi tó yẹ kó wà ló wà.

Bọ̀dá Onítáyà, Mushin:

Ó dáa bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹ má sọ fún àwọn oníbàárà mi, wọ́n á ní kí n dín owó òjé kù.