Èdè tuntun tí mò ń ṣẹ̀dá: ọ̀rọ̀ ni àbí ìró?

OníGègé:
Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin èèyàn mi. Mò ń ṣẹ̀dá èdè kan fún àwọn ará inú ìtàn tí mò ń kọ, ìran kan tó ń gbé létí odò ńlá. Mo ti kó ọ̀rọ̀ jọ rẹpẹtẹ: ti ẹ̀yà ara, ti ojú ọjọ́, ti iṣẹ́ ọwọ́. Ṣùgbọ́n tí n bá ní kí n to gbólóhùn, Yorùbá náà ni mò ń gbọ́, àfi bíi pé ó kàn pààrọ̀ aṣọ. Ṣé kí n ṣì máa wá ọ̀rọ̀ kún un ni, àbí ìró ni kí n padà sí? Ẹ jọ̀ọ́, ẹ tọ́ mi sọ́nà.

Ògbufọ̀:
Ẹ pa ìwé ọ̀rọ̀ yẹn dé ná. Ẹ padà sí ìró, ẹ má sì kó o pọ̀. Toki Pona, èdè àtọwọ́dá tí Sonja Lang gbé jáde lọ́dún 2001, kọ́ńsónáǹtì 9 àti fáwẹ̀lì 5 péré ló ní, àwọn èèyàn sì ń fi bára wọn sọ̀rọ̀.

Lẹ́yìn náà, ẹ jẹ́ kí èdè náà gbó. Ibí yìí ni mo fẹ́ràn jù. Ẹ jẹ́ ká pe odò ní *tama*, ká pe ẹja ní *lisu*. Tó bá ju ẹyọ kan lọ, ẹ fi *i* sí i: *tamai*, *lisui*. Kí ọ̀pọ̀ ìran wá kọjá nínú ìtàn yín. Ẹnu á ti máa sáré, *ai* á di *e*, *ui* á di *i*. Ó di *tama* kan, *tame* púpọ̀. *Lisu* kan, *lisi* púpọ̀. Àlejò tó ń kọ́ ọ á ní kò lófin, ẹ̀yin sì mọ ibi tó ti ṣẹ̀ wá.

Ayékòótọ́:
Òótọ́ ni Ògbufọ̀ sọ, àmọ́ ìró nìkan ò lè lé Yorùbá kúrò níbẹ̀. Ẹ wo ìtò gbólóhùn. Nínú Klingon, èdè tí Marc Okrand ṣẹ̀dá fún fíìmù Star Trek, àbọ̀ ló ń ṣíwájú, ọ̀rọ̀-ìṣe tẹ̀ lé e, olùwà kẹ́yìn. "Ẹja jẹ ọmọ" ni wọ́n máa wí, ọmọ ló sì jẹ ẹja.

Ẹ má sì wá ọ̀rọ̀ kan fún ọ̀rọ̀ kan. Nínú Esperanto tí Zamenhof gbé jáde lọ́dún 1887, *bona* ni dáadáa, *malbona* ni burúkú. *Mal-* kan náà ló ń ṣiṣẹ́ yẹn káàkiri èdè ọ̀hún. Àwọn ará etí odò yín ńkọ́? Tí wọn ò bá ní ọ̀tún àti òsì, tó jẹ́ pé ọwọ́ òkè-odò àti ọwọ́ ìsàlẹ̀-odò ni wọ́n mọ̀? Bí ọmọ kan bá yíjú padà, orúkọ ọwọ́ rẹ̀ á yí pẹ̀lú.

OníGègé:
Ha! Ọ̀rọ̀ ọwọ́ yẹn dùn mọ́ mi gan-an, mo ti mú un. Ẹ wo èyí: *Lisi nopa kemo*, ọmọ jẹ àwọn ẹja. Ṣùgbọ́n tí àwọn ọmọ bá pọ̀, kí ni *kemoi* á dà?

Ògbufọ̀:
Ẹ jẹ́ kí *oi* náà di *e*: *keme*. Ẹni tó bá gbọ́ *keme* ò ní mọ̀ bóyá *kema* ni ẹyọ kan rẹ̀ tàbí *kemo*, àfi ẹni tí wọ́n bí sínú èdè náà.